Orúkọ Tuntun fún Ọmọ Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹni tí ó bá dá ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì tuntun sílẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ àfi bí ó bá sọ ọ́ lórúkọ. Ìtàn sì fi hàn pé ìsọlórúkọ yìí lè ṣòro ju ìdásílẹ̀ lọ.

Nínú ìwé tí àlùfáà Pietro Carrera ti erékùṣù Sísílì tẹ̀ jáde ní 1617, ó so ìfò ẹṣin mọ́ ìrìn odi, tí í rìn tààrà, ó pè é ní Akọni. Ó tún so ìfò ẹṣin mọ́ ìrìn bíṣọ́ọ̀bù, tí í rìn láti igun dé igun, ó pe ìyẹn ní Centauro, ẹ̀dá inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí í ṣe ènìyàn lókè, ẹṣin nísàlẹ̀. Ní 1874, Henry Bird ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn méjèèjì yìí kan náà padà pẹ̀lú orúkọ mìíràn. José Raúl Capablanca ará Kúbà sì tún fún wọn ní tirẹ̀: Olórí Akọ̀wé Ọba àti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà.

Capablanca kò fi í ṣeré. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọ̀gá ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì débi pé wọn kò ní lè ṣẹ́gun ara wọn mọ́. Nígbà tí Alekhine gba adé àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1927, 25 nínú eré 34 tí wọ́n ta ni ó parí sí ọ̀mì. Síbẹ̀ àbá rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀. Oyè lásán ni orúkọ wọ̀nyẹn: ta ni yóò gbọ́ “Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà” tí yóò mọ̀ pé ó ń fò bí ẹṣin?

Ọgbọ́n T. R. Dawson, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀. Òótọ́ ni pé eré àdììtú ni ó ń ṣe tirẹ̀ fún, kì í ṣe ìdíje. Ní 1913 ni Tata rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀nà ayaba ni Tata ń tọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣípò àfi bí ó bá rí ọmọ mìíràn fò kọjá, ìbáà ṣe ti ọ̀tá; ilé tí ó tẹ̀ lé ọmọ náà gan-an ni yóò bà sí. Ẹni tí ó ti rí tata nínú koríko ti mọ ìdajì òfin yìí. Àwọn atẹ̀wé kò tilẹ̀ gbẹ́ àmì tuntun: wọ́n dorí ayaba kodò.

Nightrider ti 1925 ni ó fa wàhálà. Ó ń fò bí ẹṣin léraléra ní ọ̀nà kan náà títí ohun kan yóò fi dí i. Knight ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹṣin ṣẹ́ẹ̀sì, ìró rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti night, tí í ṣe òru. Àwọn ará Jámánì túmọ̀ rẹ̀ sí Nachtreiter, ẹlẹ́ṣin òru. Òru dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kò bá a dé, nítorí Springer, ìyẹn afò, ni wọ́n ń pe ẹṣin tiwọn.