Òórùn Epo Lè Lọ Kí Epo Má Lọ

Tí wọ́n bá ń hú táǹkì àtijọ́ jáde ní ilé epo kan lójú ọ̀nà Keffi ní Nyanya, Abuja, tàbí tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé síbi tí ilé epo wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ni iṣẹ́: "Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á. Tí òórùn rẹ̀ bá ti lọ, ó ti mọ́ nìyẹn." Wọ́n á tẹ́ yẹ̀pẹ̀ dúdú náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á dà á padà sínú kòtò, wọ́n á da kọnkéré lé e. Àṣìṣe ńlá ni, omi tí àwọn ọmọ àdúgbò ń mu ló sì ń ṣàkóbá fún.

Apá epo tó fúyẹ́ jù ni imú ń gbọ́, òun náà ló kọ́kọ́ ń fẹ́ lọ. Èyí tó wúwo, irú èyí tó wà nínú dísù àti ọ́ìlì àlòkù àwọn mẹkáníìkì, á lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ pinpin, òórùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ti benzene tó wà nínú bẹntiróò ló burú jù. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yòrò mọ́ omi ju ọ̀pọ̀ ohun tó kù nínú epo lọ. Àjọ WHO ní kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Ó lè di ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn kí ẹni tó ń mu omi náà má gbọ́ òórùn kankan.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ kòtò gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún. Oru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ kòtò ló ń kóra jọ sí. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀, òórùn náà á ti mọ́ ọn lára, á rò pé ó ti dínkù. Àsìkò yẹn gan-an ni iná wẹ́dà tàbí sìgá kan ṣoṣo lè gbẹ̀mí gbogbo wọn.

Ilẹ̀ Ògóni ní Ìpínlẹ̀ Rivers ti fi hàn wá pé ilẹ̀ tí wọ́n ní ó ti mọ́ lè má tíì mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ nípa ibẹ̀ jáde. Ó yẹ ibi 15 wò tí àkọsílẹ̀ Shell sọ pé àtúnṣe ti parí níbẹ̀. Epo ṣì ju iye tí ìlànà gbà lọ ní ibi 10 nínú wọn. Ojú ilẹ̀ ni Shell ń tú nígbà náà kí atẹ́gùn àti bakitéríà lè ráyè sí i, bẹ́ẹ̀ UNEP rí epo ní ibi 49 tí ó ti jìn tó mítà 5, ó kéré tán. Ìtulẹ̀ kì í débẹ̀. Ní Nisisioken Ogale, nítòsí páìpù NNPC kan, epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 ló léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, benzene inú kànga sì ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n WHO lọ. Epo tó ti ilé ìfọpo jáde nìyẹn o, kì í ṣe epo rọ̀bì. Irú rẹ̀ gan-an ló wà nínú táǹkì Nyanya. Àwọn ará Baruwa, lẹ́bàá Ipaja ní Èkó, náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa omi tí bẹntiróò ti wọ̀ nínú kànga wọn.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ pupa Abuja le, epo kò lè wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, amọ̀ ń dá a dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀, àpáta náà sì sán káàkiri. Epo tó bá dé ibẹ̀, ibi tí àpáta bá sán gbà ni yóò bá lọ, ó sì lè yọ sínú kànga tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Omi abẹ́ ilẹ̀ tún máa ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń gòkè nígbà òjò. Epo tó léfòó lórí rẹ̀ ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀, ó ń kun erùpẹ̀ níbi gbogbo tó bá gbà kọjá.

Àyẹ̀wò ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò àti lára ògiri rẹ̀, wọ́n á dé e pa sínú ìgò kíákíá kí benzene má bàa fẹ́ lọ, yìnyín ni wọ́n á sì fi gbé e dé yàrá àyẹ̀wò. Nínú EGASPIN, ìlànà tí ìjọba ṣe fún iṣẹ́ epo, tí epo bá tó mílígíráàmù 5,000 nínú kílógíráàmù yẹ̀pẹ̀ kan, ó di dandan kí wọ́n ṣe nǹkan sí i. 50 ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lépa.

Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hú, orí ọ̀rá tó nípọn ló yẹ kó wà, kí omi tó ń ro lára rẹ̀ má padà sínú ilẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ epo ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti èròjà aṣaralóore ni wọn kì í rí tó. Ìgbẹ́ adìyẹ ń fún wọn ní naitirójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì, wọ́n á máa yí òkìtì náà padà fún oṣù púpọ̀, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò. Dísù ń gba irú ìtọ́jú yìí dáadáa. Ti ọ́ìlì àlòkù tó ní òjé nínú kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí bakitéríà kì í jẹ òjé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ tí ilé epo ti wà rí, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò yẹ̀pẹ̀ àti ti kànga tó sún mọ́ ọn jù. Tí ìwé náà kò bá sọ bí ibi tí wọ́n ti bu yẹ̀pẹ̀ ṣe jìn tó, ẹ má tíì sanwó.