Ilẹ̀ Ẹbí ní Ìbàdàn Àtijọ́ àti Òfin Ilẹ̀ Ìlú Mìíràn

Ogun ló bí ètò ilẹ̀ Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, jagunjagun kọ̀ọ̀kan gba ibi tí agbára rẹ̀ ká, ó sì pín in fún àwọn tó sá tọ̀ ọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé ṣe gbilẹ̀ ní Ọjà'ba, Mápó, Bẹẹrẹ àti Beyerunka. Bí jagunjagun náà bá kú, ilẹ̀ rẹ̀ a di ti gbogbo ọmọ rẹ̀, mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, a sì máa bójú tó o. Àlejò tó bá dáko sí ilẹ̀ oko wọn a máa san ìṣákọ́lẹ̀, láti fi hàn pé ó mọ onílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1901, tí kòkó sì ń mówó wọlé, títa ilẹ̀ wá di àṣà. Ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé olórí ẹbí kò gbọdọ̀ dá ilẹ̀ ẹbí tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, àwọn náà kò sì lè tà á lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1921, nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, pè lórí ilẹ̀ Apápá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé àwọn tó ni ilẹ̀ náà lápapọ̀ ló yẹ kí ìjọba sanwó fún.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ṣe òfin tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn tó ti ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì lè máa lò ó, ṣùgbọ́n wọn kò lè tà á láìgba àṣẹ ìjọba. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni owó gbà-má-bínú wà fún ní pàtàkì. Òfin náà kò fi iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà ṣe òṣùwọ̀n.

Ọ̀nà mìíràn ni Gánà gbà. Òfin ìpìlẹ̀ 1992 fi ilẹ̀ àpèrè, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ ti ipò ọba, sọ́wọ́ àpèrè fúnra rẹ̀ fún àǹfààní àwọn ọmọ ìlú, ó sì là á sílẹ̀ bí owó tó bá wọlé ṣe máa pín. Ní Kẹ́ńyà, ètò ìjọba amúnisìn ti 1954 tí wọ́n ń pè ní Swynnerton bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ilẹ̀ ẹbí sórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti àwọn tó ń roko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn kò rí orúkọ wọn nínú ìwé náà. Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀ ṣe òfin ní 1994 pé ẹni tí wọ́n fi òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà gba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹfà 1913 lè béèrè fún un padà.

Ní Ìbàdàn lónìí, àṣẹ méjì, ti ẹbí àti ti ìjọba, ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ a gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹbí, lẹ́yìn náà ni yóò wá ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Bí ẹ̀ka ẹbí méjì bá ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, àwọn olùrà ni ìyà máa ń jẹ, ẹjọ́ wọn a sì pẹ́ ní kóòtù. Kíkọ ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀ lórúkọ ẹbí, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí títà rẹ̀, yóò dáàbò bo olùrà àti ọmọ tí wọn kò tíì bí.