ÌJÀ ORÈ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÀWA ARÁ OKPOKO MỌ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, Yorùbá a ní: "Ó le kú, ìjà Orè!" Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Okpoko ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé nítòsí ilé wọn níbí ni ìjà náà ti gbéra.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá odò Ọya, ní Head Bridge wa yìí, kọjá sí Asaba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba Bìní. Olórí wọn kì í ṣe ọmọ Igbo. Ọmọ Yorùbá ni, Victor Banjo. Ó dúró ní Bìní fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó forí lé Orè, níbi tí ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà Oǹdó ti pínyà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba ti gba Bìní padà. Ní ọjọ́ 22, wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu, wọ́n ní ó dìtẹ̀ mọ́ Ojukwu.

Kí ni ìjà yìí yí padà nínú ìṣèlú? Lóòótọ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wọ ìjọba Gowon láti oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé ṣì ń wo ogun náà bí ìjà ẹlòmíràn. Nígbà tí ìbọn dún ní Orè, iyèméjì wọn parí. Gowon náà, tí ó ti ń pe ogun náà ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán, kéde ogun gidi.

Àwọn ará ìhà ibí ni wọ́n jẹ ìyà rẹ̀ jù. Bí Biafra ṣe ń sá padà, wọ́n fọ́ afárá náà ní oṣù Kẹwàá. Ní Asaba, àwọn ọmọ ogun ìjọba pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí kò gbé ìbọn. Àwọn ọmọ ogun Murtala Muhammed wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Onitsha, iná jó ọjà ńlá, ṣùgbọ́n Biafra lé wọn padà. Oṣù Kẹta ọdún 1968 ni Onitsha tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n gba orí ilẹ̀ wá láti ìhà Enugu.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ wa pé Yorùbá àti Igbo ni wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn. Ọmọ Yorùbá ló ṣáájú ogun wá sí Orè. Àwa tí a ń bá Igbo ná ọjà, tí a jọ ń gbé àdúgbò kan, kò yẹ kí a gbé ìjà tí kò rí bẹ́ẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìtàn náà fún wọn bó ṣe rí.