Owó tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì sún mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: Ta ló jèrè, ta ló jẹ gbèsè?

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dákú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ láti Abidjan dé Accra àti Èkó. Áàpù ilé ìfowópamọ́ kò ṣí, owó tí èèyàn fi ránṣẹ́ kò dé, àwọn oníṣòwò ń wo fóònù wọn bí ẹni pé fóònù ló bàjẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni ìròyìn ti jáde pé okùn mẹ́rin ló já lábẹ́ òkun nítòsí etíkun Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà pé abẹ́ omi ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, pé kì í ṣe ojú ọ̀run. Àwọn tó ti ná owó sí okùn wọ̀nyẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ná an, àwọn kan jèrè, àwọn kan sì jẹ gbèsè.

Bí tòmátì Mile 12

Ẹni tó bá ń gbé Èkó tó sì fẹ́ se ọbẹ̀ kì í wọ mọ́tò lọ sí Kano torí tòmátì. Àwọn kan ti fi ọkọ̀ ńlá kó o wá sí Mile 12, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń rà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń mú kí ojú òpó ayélujára tètè ṣí. Wọ́n ń kó ẹ̀dà àwòrán, fídíò àti ìròyìn sínú ẹ̀rọ tó wà nítòsí àwọn tó máa lò ó, kí ó má bàa jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ fóònù rẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ yóò máa la òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà.

Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni iléeṣẹ́ tó sọ èyí di òwò ńlá ti ṣẹ̀ wá. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá ìtàkùn ayélujára sílẹ̀, ti ń sọ níbẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999 pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tom Leighton, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Danny Lewin gbé ìṣòro náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí ọ̀nà ìṣirò tí ẹ̀rọ lè fi mọ ibi tó yẹ kó ti mú ẹ̀dà. Ní ọdún 1998, wọ́n dá Akamai sílẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 1999 ni wọ́n gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà. Dọ́là 26 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjà fi máa pa lọ́jọ́ kan náà, ó ti lé ní dọ́là 145. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ìpín kan ti kọjá 300 dọ́là, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ náà kò tíì jèrè kọ́bọ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi wó. Àwọn iléeṣẹ́ ayélujára tó jẹ́ oníbàárà Akamai ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, Danny Lewin wà nínú ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tí àwọn agbésùmọ̀mí fi kọlu ilé gogoro New York. Ẹni ọdún 31 ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí gbogbo ayé ń ṣí ojú òpó ìròyìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣe wà lára ohun tó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú òpó náà dúró. Síbẹ̀, nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ìpín Akamai kan kò tó dọ́là kan mọ́.

Ẹni tó rà á ní 300 dọ́là kò tún lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà kò kú. Ọdún 2004 ló kọ́kọ́ jèrè fún odidi ọdún kan, ó sì wà títí di òní.

Iléeṣẹ́ mìíràn tún wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998 yẹn kan náà: Equinix. Òun kì í kó ẹ̀dà fídíò kiri ní tirẹ̀. Ilé ni ó ń kọ́, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ oríṣiríṣi ti ń gbé ẹ̀rọ wọn sí kí wọ́n lè so pọ̀ mọ́ra wọn. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé lọ́dún 2002. Lọ́jọ́ iwájú, yóò dé Lekki.

Ẹ̀yìn okùn kan ṣoṣo

Ní gbogbo àsìkò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ra ìpín tí wọ́n sì ń sunkún, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò tíì ní ohun tí wọn yóò pín. Okùn SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002, láti Portugal dé South Africa, ó sì dúró ní Dakar, Abidjan, Accra, Cotonou àti Èkó. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Ní Nàìjíríà, NITEL ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá yóò san iye tí onílé bá pè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó lọ lo sátẹ́láìtì, tó wọ́n tó sì ń falẹ̀.

Ohun tó tún burú ni pé lẹ́tà ayélujára tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ láti Yaba sí Ìkẹjà lè gba Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kí ó tó padà wá, torí pé àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé kò ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ọdún 2006 ni wọ́n dá IXPN sílẹ̀, oríta tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ dátà láàárín ara wọn.

Okùn Funke Opeke

Funke Opeke kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó lọ sí Yunifásítì Columbia, ó sì ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Verizon ní New York. Nígbà tó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní MTN, lẹ́yìn náà ó wà lára àwọn tí wọ́n ní kó tún NITEL ṣe. Ibẹ̀ ló ti rí SAT-3 láti inú ilé. Ọdún 2008 ló dá MainOne sílẹ̀.

Ọdún náà kò dáa fún ẹni tó ń wá owó. Àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá l'Amẹ́ríkà ń wó, ta ni yóò yá èèyàn ní owó láti sin okùn sínú òkun? Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú owó náà ti wá. Àjọ Africa Finance Corporation tó wà l'Èkó fi owó sí i, àwọn ilé ìfowópamọ́ Nàìjíríà wà níbẹ̀, àpò ìdókòwò PAIDF láti South Africa náà sì wà níbẹ̀, èyí tí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè náà wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 240 dọ́là.

Okùn náà gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Accra àti Èkó. Oṣù Keje ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dún kan náà ni Glo-1, tí Globacom nìkan fi owó ara rẹ̀ ṣe láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà bẹ̀rẹ̀. Owó dátà lójú òkun wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n etíkun ni okùn dé, kò dé ilé. Láti fa wáyà láti Lekki dé àárín ìlú, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ojú títì, gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì ní iye tí wọ́n ń gbà. Wọ́n ṣàdéhùn 145 náírà fún mítà kan, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan gba ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Òkun tí ẹja wà nínú rẹ̀ rọrùn láti kọjá ju ọ́fíìsì ìjọba lọ. Àwọn tó fowó sí okùn ní ọ̀nà tó fẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbà á kò sì pọ̀.

Ìdí nìyí tí MainOne fi yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ó kọ́ gbùngbùn ìpamọ́ dátà MDXi sí Lekki, ó sì ṣí i lọ́dún 2015. Mile 12 náà nìyí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó fídíò àti ojú òpó kiri ayé rí ilé tí iná kì í kú, wọ́n lè gbé ẹ̀dà wọn síbẹ̀, kí ẹni tó wà ní Surulere máa wo fídíò láti Èkó fúnra rẹ̀.

Mílíọ̀nù 320

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Equinix kéde pé òun yóò ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n parí rẹ̀.

Ó rọrùn láti fi 240 yọ kúrò nínú 320 kí èèyàn sì pariwo pé èrè ọgọ́rin mílíọ̀nù ló dé. Ìṣirò náà kò pé. Iye tí wọ́n pè é kó gbèsè iléeṣẹ́ náà mọ́ra, lẹ́yìn okùn, wọ́n tún ná owó sí MDXi, ọdún mọ́kànlá sì ti kọjá. Fún ẹni tó ka owó rẹ̀ ní dọ́là, èrè náà mọ níba. Ẹni tó ń kà á ní náírà yóò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: nǹkan bí 150 náírà ni dọ́là kan ní 2010, nígbà tí wọ́n fi máa tà á, iye ìjọba pàápàá ti lé ní 400.

Ẹni tó ń ta bàtà ní Balógun kò lè bá wọn pín in. MainOne kò fìgbà kan wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà.

Oṣù tí Equinix parí ìrajà rẹ̀ náà ni okùn Equiano dé Lekki, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ dúró ní Lomé ní oṣù Kẹta. Google ló fi owó ṣe é. Wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano pè é, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú la òkun kọjá, tó wá kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé. Okùn 2Africa, tí Meta wà lára àwọn tó ni ín, tún tẹ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ló ni ọ̀nà. Ní báyìí, ẹni tó ni ẹrù náà ló ń la ọ̀nà.

Nígbà tí okùn mẹ́rin já ní 2024, Equiano àti Glo-1 kò já, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sá lọ. Àtúnṣe MainOne gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọkọ̀ ojú omi tó ń tún okùn ṣe tó wá a rí nísàlẹ̀ òkun. Ẹni tó san owó rẹ̀ jẹ́ iléeṣẹ́ kan ní California, tí ìpín rẹ̀ wà lórí ọjà Nasdaq. Ẹni tó ń ta bàtà ní Balógun lè rà lára rẹ̀ báyìí láti orí fóònù rẹ̀, bó bá ti rí dọ́là.