Iye Àwọn tí kò Wá: Ìtàn Ètò Ìwòsàn ní Oko Ìbàdàn

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ó jẹ́ ilé, ó sì jẹ́ oko. Ẹni tí ó ní agboolé ní àárín ìlú a máa ní abúlé ní ọ̀nà Mọ́níyà, tàbí ní ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà, tàbí ní ọ̀nà Ẹgbẹ́dá, tàbí ní ọ̀nà Àkànrán. Nígbà iṣẹ́, oko ni ó wà. Nígbà ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ilé ni a óò ti bá a. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ń bẹ ní abúlé kan ní àyíká Ìbàdàn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé ọjọ́ wo ni òun lọ kà wọ́n. A fẹ́ sọ díẹ̀ fún yín, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú ìtàn bí a ti ń ṣe ètò ìwòsàn ní ilẹ̀ wa. Ẹ óò sì rí i pé lórí ìbéèrè kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: ta ni a kà, ta ni a kò sì kà?

Ní ọdún 1948 ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà lára ohun tí a fẹ́ kí ó máa kọ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tí ó tó fún iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni a kọ́kọ́ ń lò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti rékọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó lè parí ẹ̀kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, ọdún 1957, ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UCH, pẹ̀lú ibùsùn 500. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó lè ka iye ẹ̀mí tí a ti gbà là níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Ìwé rẹ̀ ń sọ iye àwọn tí ó wá fún wa. Kò lè sọ iye àwọn tí kò wá. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru pa ní abúlé ní òru, kí bàbá rẹ̀ tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà.

Ní ọdún 1957 yìí kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí kò ní ariwo bí ti ilé ńlá. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, kò jókòó kí a máa gbé ọmọ aláìsàn wá bá òun. Òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a bí ní ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí káàdì kan. Bí ìlà tí ó wà lórí káàdì bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bí ó bá dúró lójú kan, tàbí bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ tíì sunkún. Nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Ọwọ́ ìyá ni káàdì sì ń gbé, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Ikú ọmọdé dín kù gidigidi ní Ìmẹ̀sí, káàdì náà sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Àṣírí rẹ̀ kò ju èyí lọ: nígbà tí a bá ti kọ orúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀ ṣáájú, a óò mọ ọmọ tí a kò rí.

Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú rí i pé dókítà tí kò bá gbé oko rí kò lè ṣe ètò fún oko. Ní ọdún 1963 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní Ìgbò-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè máa lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n mọ omi tí àwọn ènìyàn ń mu, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, àti ohun tí ń dá wọn dúró ní ilé nígbà tí ara wọn kò yá.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí oko Ìbàdàn. Ní ọdún 1968 àti 1969 ni àwọn àgbẹ̀ dìde pé ìyà yìí tó, tí a sì ń pè wọ́n ní Àgbẹ́kọ̀yà. Tàfá Adéoyè, ará Àkànrán, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́. Wọ́n ní owó-orí pọ̀ jù, owó kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà abúlé sì ti bàjẹ́. Wọ́n ń béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó-orí náà ṣe fún wọn. Ẹ kíyèsí èyí dáradára. Ìjọba mọ iye orí wọn nígbà tí ó bá ń gba owó. Kò mọ iye ọmọ wọn tí ń kú. Ní ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ìlera tí ará oko mọ̀ jùlọ ni wolé-wolé, tí ń yẹ ìkòkò omi wò, tí ó sì lè pe baálé ilé lẹ́jọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú ní ìdí rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn ń bẹ nínú omi náà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni a máa ń tìtorí rẹ̀ ka ènìyàn, tàbí ẹjọ́, ìyá wo ni yóò fi tayọ̀tayọ̀ ka ọmọ rẹ̀ fún àlejò? Ètò tí àwọn ènìyàn kò gbẹ́kẹ̀lé, kò lè ní iye tòótọ́. Èyí tí kò sì ní iye tòótọ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń lépa.

Láàrin ọdún 1975 sí 1980 ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ńlá kan kalẹ̀. A pinnu pé fún ènìyàn 150,000, kí a kọ́ ilé ìtọ́jú kékeré 20, èyí tí ó tóbi jù wọ́n lọ 4, àti ọ̀kan ńlá tí yóò jẹ́ olórí gbogbo wọn. A fẹ́ kí iye àwọn tí ìtọ́jú ń dé ọ̀dọ̀ wọn ti 25 nínú ọgọ́rùn-ún di 60. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ògiri àti ohun èlò ni owó náà bá lọ. Ọ̀pọ̀ ilé kò parí, a kò sì bi àwọn ará abúlé léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

Ní ọdún 1978 àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Alma-Ata, wọ́n sì fi ohùn sí i pé ìtọ́jú tí ó ṣe kókó gbọ́dọ̀ dé ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn fúnra wọn nínú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, di mínísítà ìlera ní ọdún 1985, ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí ìwé. Ní ọdún 1986 ni a fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 ṣe àpẹẹrẹ: kí a ka ilé, kí a yan ìgbìmọ̀ abúlé, kí a kọ́ òṣìṣẹ́ láti inú abúlé fúnra rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ ìlera sì wà ní ilé. Lẹ́yìn èyí ni a fi iṣẹ́ náà lé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Akínyẹlé àti Lágelú ti wà láti ọdún 1976; Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà dé ní ọdún 1989. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán ni a ti ń ṣe ètò ìlera oko, kì í ṣe ìlú Èkó mọ́.

Ransome-Kuti kúrò ní ipò ní ọdún 1992. Owó fọ́nká, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ń wọ́n. Nígbà tí a lọ láti ilé dé ilé káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1990, ọmọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí ó yẹ ọmọ ọdún kan. Ní ọdún 2003, ó di 13. Ní ọdún 2018, ó padà di 31. Ọ̀nà ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni a rìn kí a tó padà sí ibi tí a ti kúrò. Ìwọ̀nyí ni iye tí a rí nínú ilé, kì í ṣe èyí tí a kọ ní ọ́fíìsì. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó ní òun gbin igba, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú sílétì yín. Àwọn tí ń ṣe ètò ìlera ní Nàìjíríà a máa ṣírò pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 4 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, 5 ni aboyún, 20 sì ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí abúlé kan bá ní 1,000 ènìyàn, ọmọ ọwọ́ mélòó ni ó yẹ kí a retí? Ogójì ni. Bí nọ́ọ̀sì bá gún ogún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kan, ariwo yóò pọ̀, ìjókòó yóò kún, gbogbo ènìyàn yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ìdajì kò wá. Ibo ni wọ́n wà? Bóyá ọjọ́ ọjà ni, tí ìyá ti gbé ẹrù jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bóyá ìgbà kíkó kòkó ni. Bóyá odò kún. Abẹ́rẹ́ náà kò lè dúró dè wọ́n, nítorí inú òtútù láàrin ìwọ̀n 2 àti 8 ti Celsius ni a gbọ́dọ̀ pa á mọ́ sí, yìnyín inú àpótí sì ń yọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá mọ ọjọ́ ọjà, yóò gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ọjà, yóò sì bá ìyá láti abúlé púpọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni à ń pè ní ètò.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 pàṣẹ pé, ó kéré tán, kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ tí ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ sí ìtọ́jú tí ó ṣe kókó. Ilé ìtọ́jú tí ó bá ń gba nínú owó náà gbọ́dọ̀ kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù sì mọ̀ sí i. Ohun rere ni èyí, bí ìgbìmọ̀ náà kò bá jẹ́ orúkọ lásán. Olùkọ́ ilé-ìwé abúlé a máa jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé ìwé náà dé iwájú rẹ, ìwọ olùkọ́, má ṣe béèrè iye àwọn tí ó wá nìkan. Béèrè iye ọmọ tí ń bẹ ní abúlé, kí o yọ iye àwọn tí ó wá kúrò nínú rẹ̀; kí o sì béèrè ọ̀nà tí ẹnìkan yóò gbà dé ọ̀dọ̀ èyí tí ó kù, àti ọjọ́ tí yóò lọ.