Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Àkú àti Bí Wọ́n Ṣe Dé Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé àwọn Sàró ti Sierra Leone padà wá sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó mọ̀ pé wọ́n ti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Àkú ni a ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí “ẹ kú” tí kì í wọ́n lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Ní November 1839, Thomas Will àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà Doherty, pé kí Ọbabìnrin Victoria dá ibùdó sílẹ̀ fún wọn ní Àgbádárìgì lábẹ́ ààbò rẹ̀.

Gómìnà kò lè dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ṣe. Òfin tí ó bá ṣe pàápàá, Lọ́ńdọ̀nù lè fagi lé e. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé. Ṣùgbọ́n ìjọba kò dá ibùdó kankan sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹ má ṣe rò pé Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí kúrò ní Freetown. Láti ọdún 1841, ìjọba yìí kan náà fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ máa kó àwọn tí a dá nídè lọ sí Jamaica, Trinidad àti Guiana, níbi tí àwọn olóko ìrèké ti ń wá òṣìṣẹ́ kiri. Ní tèmi, n kò lè pe èyí ní àánú lásán.

Àwọn Àkú fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. A ja ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba Èkó lólè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba Àgbádárìgì. Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n ní Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé baba wọn tẹ̀dó ní 1830. Níbẹ̀ ni Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ti rí ìyá rẹ̀ ní August 1846.

Nígbà tí ó di 1861, Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Glover, alákòóso rẹ̀, wá ń na ọwọ́ àṣẹ sí òkè ọ̀sà, inú sì bí àwọn Ẹ̀gbá. Ní October 1867 wọ́n fọ́ àwọn ilé ìsìn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá tí ó sá tẹ̀ lé wọn ni Glover fún ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ní 1865 pé kí a má ṣe fẹ ilẹ̀ ìjọba sí i ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ti ń kọ́lé.