Ṣakabùlà, Ìbọn Ìléwọ́ Ẹlẹ́tù àti Òfin: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Olùkọ́

Ìfáàrà
Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìbọn tí a ń fi ẹ̀tù kì kò sí lábẹ́ òfin, nítorí pé ohun àtijọ́ ni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé agbára ìbọn àti bí ó ti rọrùn tó láti fi pamọ́ ni a gbọ́dọ̀ wò, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìtàn ìbọn ẹlẹ́tù
Àwọn oníṣòwò Yúróòpù ni wọ́n ń kó ṣakabùlà wá sí etíkun wa. Ní ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ketu àti Máìlì 12 kọjá lónìí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó ló tú wọn ká. Nígbà ogun Kírìjì (1877–1893), Èkìtì-Parapọ̀ rí ìbọn tí a ń ki ọta sí láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn ní Èkó, ṣakabùlà Ìbàdàn kò sì lè bá a dọ́gba. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 dènà kíkó irú ìbọn ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ wọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù ọjà.

Ohun tí òfin sọ
Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà 3. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta; ó ṣeé ní, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìbọn ìléwọ́ gbogbo, títí kan èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí àti èyí tí a ń fi òkúta ṣáná sí, wà ní ìpín kìíní tí a kà léèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n ẹni tí ó bá rú òfin yìí kò dín ní ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ti ọdún 1968 yọ irú ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù bẹ́ẹ̀ kúrò lára èyí tí ó ń ṣàkóso. Nítorí náà, ohun tí kò la ẹ̀wọ̀n lọ lọ́hùn-ún lè sọ ọ̀dọ́ Gbàgádà di ẹlẹ́wọ̀n.

Ààbò
Ẹni tí ó ní àṣẹ gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀tù kí ó tó rọ ọ́, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa fa ìbọn ya. Kò gbọdọ̀ tún un kì kíá lẹ́yìn tí ó bá yìn ín, nítorí ẹ̀ṣẹ́ná lè wà nínú rẹ̀. Nínú ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, iná lè ràn láti ilé kan sí èkejì, kí gbogbo rẹ̀ sì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?

Àsọkágbá
Ní Gbàgádà, níbi tí ilé ti fara ti ilé, ọta tí ó bá tàsé kò ní igbó tí yóò bọ́ sí. Kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní ìtàn ogun Kírìjì má ṣe dákẹ́ síbi akọni nìkan. Kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin pẹ̀lú.